Ohùn Àwọn Tí Ó Jókòó sí Àga Mi

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹfà oṣù kìíní

Àbúrò mi ti kọ̀wé fi iṣẹ́ yunifásítì sílẹ̀. Òun kọ́ ni ó sọ fún mi. Rédíò ni ó sọ fún mi, bí ó ti sọ fún gbogbo ayé. Mo ń fọ ẹnu lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ orúkọ bàbá wa lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, tí ó ní àgbà onímọ̀ èdè náà yóò du ipò aṣòfin fún àdúgbò wa. Omi tí ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

Ìrọ̀lẹ́ ni ó tó wá. Mo bi í pé, "Kí ni o sọ nù tí o fẹ́ lọ wá láàrin àwọn olóṣèlú?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ìwé tí mo kọ sí ìjọba pé kí wọ́n máa fi èdè ìyá ọmọ kọ́ ọmọ nílé ìwé, ṣé ẹ mọ ibi tí mo ti rí i? Lọ́wọ́ elépà tó wà lẹ́nu géètì wọn. Ó fi di ẹ̀pà fún mi."

"Ṣé ẹ̀pà náà dùn?"

"Ó dùn gan-an. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ wọlé. Ẹni tó bá ń dúró sẹ́nu géètì, ẹ̀pà nìkan ni yóò máa jẹ."

Mo bá a rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ nípa bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀. Ó ti kọ ìwé nípa rẹ̀, ó ti lọ sọ ọ́ lókè òkun, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìka burúkú kàn án rí. Olóṣèlú kì í ní irú ọlá bẹ́ẹ̀. Ẹnu ayé lẹbọ, àwa méjèèjì kò sì ní ohun tí a lè fi rú u.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹsàn-án

Eruku bo gbogbo nǹkan. Kẹrosíìnì tún ti gbówó lórí. Wọ́n lẹ àwòrán àbúrò mi mọ́ ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì tí mo fi ń jáde, wọn kò tọrọ àyè. Bí mo ti ṣí i láàárọ̀ báyìí, imú rẹ̀ ya sí méjì. Àkọ́bí mi obìnrin, tí ó ń tọ́jú mi láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti lọ, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀. Mo wá gọ́ọ̀mù, mo lẹ imú náà padà, kí àwọn ará òdìkejì títì má baà sọ pé èmi ni mo mọ̀ọ́mọ̀ ya á.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Ìpàdé ńlá àkọ́kọ́ lórí pápá ilé ìwé. Àwọn olùdíje méjèèjì ni wọ́n pè. Àbúrò mi sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń ka ìwé fún àwọn ọmọ kíláàsì: ó dára, ó gún, àwọn ènìyàn sì ń yán. Lẹ́yìn náà ni alátakò rẹ̀ dìde, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Oníbúlọ́ọ̀kù, nítorí pé kò sí ilé kan ládùúgbò yìí tí kò ní búlọ́ọ̀kù rẹ̀ nínú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará mi, Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀. Èmi, ibi tí òrùlé yín ti ń jò ni mo mọ̀."

Pápá náà wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Èmi pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo fi fìlà bo ẹnu mi. Obìnrin kan tí ó dúró lẹ́yìn mi ní, "Akóhùnjọ dà? Ṣé ohùn wa ló tún wá kó?"

Akóhùnjọ ni wọ́n ń pe àbúrò mi láti ìgbà tí ó ti ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, nígbà tí mo ṣì ń gẹrun. Ó ní kò sí ibi tí ọkùnrin ti ń sọ̀rọ̀ bí ó ti mọ̀ ọ́n sọ tó orí àga onígbàjámọ̀. Abẹ́ dígí ni a máa ń gbé e sí. Èmi ni mo sì máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan kí n tó so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn: "Ẹ̀rọ àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ o. Èdè ló fẹ́ kọ́ níbẹ̀, kì í ṣe àṣírí yín. Kò ní jáde." Wọ́n á ní kí ó máa ṣiṣẹ́ lọ. Kí n tó gẹ ìdajì orí tán, wọ́n á ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlógún

Alága ẹgbẹ́ wọn wá sílé àbúrò mi lọ́sàn-án yìí, ojú rẹ̀ kò fani mọ́ra. Ó ní ohun tí òun ń gbọ́ kiri ni pé Oníbúlọ́ọ̀kù ti gba àdúgbò lọ. Bí ó ti ń wá ibi tí yóò ti fọ ọwọ́, ó ṣi ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú yàrá tí àwọn kásẹ́ẹ̀tì wà, láti ilẹ̀ títí dé àjà.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni gbogbo ìwọ̀nyí?"

"Gbogbo àdúgbò yìí ni, Alága." Àbúrò mi ń yangàn, bí ó ti máa ń ṣe bí àlejò bá dé yàrá yẹn nìyẹn. "Wọ́n wà níbí ju bí wọ́n ṣe wà nínú ilé wọn lọ."

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo ẹni tó bá ti gẹrun lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Alága ṣí fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. "Oníbúlọ́ọ̀kù náà ńkọ́?"

Àbúrò mi fi ojú wo pákó kan nísàlẹ̀, ó sì yára gbé ojú kúrò. Alága ti rí ibi tí ó wò. Alága wá kọjú sí mi, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ẹ ti ń ṣe ìpolongo fún wa, ẹ ò kàn mọ̀ ni."

N kò lè jẹun mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélógún

Mo lọ bá àbúrò mi kí ó tó jáde. Mo ní, "Ẹnu mi ni mo fi dúró fún ọ. Èmi ni mo sọ fún wọn pé kò ní jáde."

Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni pé ẹnìkan kì í fi ipá ya ọ̀rọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ tó yí i ká. Ṣé èmi ni n óò wá ṣe é?"

Mo gbà á gbọ́. Mo jẹun dáadáa lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Ọkọ̀ ìpolongo wọn ń lọ, ó ń bọ̀ láti àárọ̀, gbohùngbohùn méjì lórí rẹ̀. Mo ń ka ìwé lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ohùn kan jáde, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin, ohùn tí ó rẹ̀:

"Ó ti sú mi. Kí bàbá yìí kúkú kú, kí gbogbo wa sinmi."

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Ẹ gbọ́ ohùn Oníbúlọ́ọ̀kù! Ẹni tó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ kú, kí ni yóò fẹ́ fún bàbá yín?"

Ìwé bọ́ lọ́wọ́ mi. Kò sí ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn bí èmi. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú lọ́jọ́ náà. Bàbá rẹ̀ ti wà lórí ibùsùn fún ọjọ́ pípẹ́, kò lè dìde, kò lè bọ́ ara rẹ̀, òun nìkan ni ó ń gbé e, tí ó ń wẹ̀ ẹ́, tí ó ń pààrọ̀ aṣọ abẹ́ rẹ̀, kí ó tó lọ po sìmẹ́ńtì. Kí ó tó sọ gbólóhùn tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ yìí, ó ti ní, "Bàbá mi bẹ̀ mí láàárọ̀ yìí, ó ní kí n bá òun bẹ Ọlọ́run kí ó wá mú òun." Lẹ́yìn tí ó sọ ọ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí aṣọ tí mo so mọ́ ọn lọ́rùn, ó ní, "Bí ó bá sì kú, Bàbá, ta ni mo fẹ́ máa gbé lọ sí balùwẹ̀ láràárọ̀?"

Ìyẹn kò sí nínú ti gbohùngbohùn. Wọ́n fá iwájú, wọ́n fá ẹ̀yìn, wọ́n fi àárín sílẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

N kò lọ sí ìjọ. Mo ní ẹsẹ̀ ń dùn mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Oníbúlọ́ọ̀kù wá. Mo rí i láti ojú fèrèsé, mo ronú àtiwọ abẹ́ ibùsùn lọ, ṣùgbọ́n àkọ́bí mi ti ní kí ó wọlé. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò jókòó.

"Bàbá Onígbàjámọ̀, ṣé ẹ rántí ọjọ́ yẹn?"

"Mo rántí."

"Gbogbo ẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀, ọmọ mi."

Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ó ní kí n wo ojú òun kí n sọ pé kì í ṣe ohùn mi. Mo wò ó lójú, mo sọ pé kì í ṣe ohùn mi. Àwọn tèmi náà ń sọ ọ́ káàkiri pé ayédèrú ni, wọ́n ní ẹ̀rọ ayé ìsinsìnyí lè fi ohùn ewúrẹ́ ka ìwé. Àwọn èèyàn ti ń gbà á gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ ṣáà bá mi sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ẹ ní irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ò wáyé ní ṣọ́ọ̀bù yín."

"N kò lè dúró láwùjọ kí n parọ́. Ṣùgbọ́n mo lè sọ odindi ọ̀rọ̀ náà fún wọn, tibú tòòró."

"Odindi kẹ̀? Bàbá, ta ló ń dúró gbọ́ odindi?" Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀. "Tí ẹ ò bá ti lè sọ pé kì í ṣe ohùn mi, mo bẹ̀ yín, ẹ jókòó sílé. Ìyẹn náà á ràn mí lọ́wọ́. Ẹ ṣáà jókòó sílé."

Nígbà tí ó lọ tán, mo ṣí fèrèsé wò bóyá àwọn ará òdìkejì rí i. Wọ́n rí i.

Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀njọ́

Ilé àbúrò mi kún fún àwọn tí ń jẹ, tí ń mu. Mo pè é sí kọ̀rọ̀.

"Ta ni ó gé e?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kọ́kọ́ jókòó ná."

"Èmi tí mo gbé ọ pọ̀n, o ní kí n jókòó? Ta ni ó gé e?"

"Ẹgbẹ́ ló gé e. Èmi kàn fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ yàrá ni." Kò wo ojú mi. "Ẹ gbọ́ mi. Bí mo bá wọlé, ọmọ kan kò ní jókòó ní kíláàsì mọ́ kí ó máa wo ẹnu tíṣà bí ẹni ń wo ẹnu ẹja. Gbogbo ayé mi ni mo fi ṣiṣẹ́ fún èyí. Ẹ fi gbogbo àwọn ọmọ yẹn sí apá kan, ẹ fi ẹyọ Oníbúlọ́ọ̀kù sí apá kejì, kí ẹ wò ó."

"Fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì náà, kí n gbé odindi rẹ̀ fún aráyé gbọ́."

"Ó ti wà lọ́wọ́ Alága."

Alága yọjú, ó mú ìgò dání. "Bàbá, ṣé kò sí wàhálà o?"

Mo ní kò sí. Mo kí i. Ẹ̀rù ariwo bà mí, mo kí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kejì

N óò kọ ọ́ bí ó ti rí.

Láti àná ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ mi jọ. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, mo tò ó bí àwọn ìwé tí mo ti kà ti ń to ọ̀rọ̀: ohun tí ó ṣáájú, ohun tí ó tẹ̀ lé e, àti ohun tí ọlọ́gbọ́n lè rí kọ́ níbẹ̀. Mo mọ̀ pé Oníbúlọ́ọ̀kù ní kí n jókòó sílé. Ṣùgbọ́n mo rò pé bí àwọn ènìyàn bá gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a tò dáadáa, wọn yóò sunkún, wọn yóò sì dárí jì í. N kò tí ì bá àwùjọ sọ̀rọ̀ rí. Nínú yàrá mi, ó dùn létí ara mi.

Ìpàdé ìkẹyìn Oníbúlọ́ọ̀kù ni. Èrò pọ̀, wọ́n ń kọrin pé ayédèrú ni, ayédèrú ni. Nígbà tí ó rí mi tí mo ń bọ̀, ó mi orí. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ẹnìkan kígbe pé, "Ẹ fún Bàbá Onígbàjámọ̀ láyè! Lójú wọn ló ṣe!" Wọ́n bá gbé mi gun pẹpẹ.

Mo bẹ̀rẹ̀: "Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́, kí n tó sọ ohun tí mo mọ̀, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ irú ipò tí bàbá rẹ̀ wà..."

Ẹlẹ́ran kan tí ó dúró níwájú ní, "Bàbá, ẹ má fá wa lórí! Ṣé ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ bọ̀."

"Ìbẹ̀rẹ̀ ò sá lọ! Ó sọ ọ́ àbí kò sọ ọ́?"

Gbogbo wọn dákẹ́. N kò tí ì gbọ́ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nínú èrò tó bẹ́ẹ̀. Mo wo ìwé ọwọ́ mi. Ìbéèrè yẹn kò sí nínú rẹ̀.

Mo ní, "Ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n..."

Ariwo sọ bí ìgbà tí òjò já lu páànù. Mo ń ka ìwé mi lọ. Mo ka apá tí ó sọ nípa wíwẹ̀ bàbá rẹ̀, mo ka apá tí ó sọ nípa balùwẹ̀, mo kà á tán láìfo ọ̀rọ̀ kan. Ètè mi nìkan ni ó gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n ti rọ̀ títí kí ó tó gbà láti wá, dìde, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó sì lọ. Oníbúlọ́ọ̀kù kò bínú sí mi. Ó kàn ń wò mí bí ẹni tí ń wo búlọ́ọ̀kù tútù tí ó là sí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kejì

Ọkọ̀ wọn tún kọjá. Ohùn Oníbúlọ́ọ̀kù ni ó kọ́kọ́ jáde. Tèmi tẹ̀ lé e: "Ó sọ ọ́." Lẹ́yìn náà, orin.

Wọ́n gé "ṣùgbọ́n" kúrò. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ohùn mi jọ ti bàbá wa tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Ìdìbò. Oòrùn mú. Mo dúró lórí ìlà, iwájú mi ṣófo, ẹ̀yìn mi ṣófo, bí ẹni tí àrùn rẹ̀ ń ràn. Nígbà tí ó kàn mí, mo tẹ ìka mi sí àárín ìwé, níbi tí kò sí àwòrán ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Ó wọlé. Díẹ̀ báyìí ni ó fi ju Oníbúlọ́ọ̀kù lọ. Wọ́n ń fun fèrè ọkọ̀ kiri láti àfẹ̀mọ́júmọ́.

Ó wá sílé mi pẹ̀lú gbogbo èrò rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, aṣọ funfun lọ́rùn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀yin lẹ gbé mi wọlé."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo wá ohun tí mo lè fi já a nírọ́, n kò rí i.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélógún

Òjò àkọ́rọ̀. Búrẹ́dì ti kéré sí i, owó rẹ̀ sì ti ga sí i. Rédíò ka orúkọ àwọn ìgbìmọ̀ nílé aṣòfin: ọ̀nà àti afárá ni wọ́n fi àbúrò mi sí. Ẹnìkan tí ń ta mọ́tò ni wọ́n fi sí ti ẹ̀kọ́.

Mo pè é lórí fóònù. Mo ní, "Èdè ìyá ọmọ ńkọ́?"

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Alága ní kí n sinmi ariwo ní ọdún yìí." Mo gbọ́ ohùn àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ n pè yín padà."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Kò pè. Àkọ́bí mi bọ̀ láti ìdí ẹ̀rọ omi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ kí n tó débẹ̀ o. Bí wọ́n ṣe rí mi báyìí, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí kọ orin ìyìn."

Mo bi í bóyá ó mọ ohun tí wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin náà tún ń bèèrè?"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta

Irun mi ti di igbó. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́, tí ó ti di ti ọmọṣẹ́ mi báyìí. Láti ìta ni mo ti ń gbọ́ wọn: ẹnìkan ń sọ ìtàn ìyá ìyàwó rẹ̀, àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbá àga.

Mo wọlé. Ìtàn náà kú sẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ẹ kú ojúmọ́, Bàbá."

"Ojú ọjọ́ dára lónìí o."

"Ó dára gan-an ni."

Bí ènìyàn ṣe ń dáhùn ní àgọ́ ọlọ́pàá ni wọ́n ń dáhùn. Mo rí i tí ẹnìkan ń fi ojú wo àpò aṣọ mi, bóyá ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ mi mú mi jókòó, ó so aṣọ mọ́ mi lọ́rùn, kò sì bi mí ju bóyá kílípà náà ń jó mi lára. Ẹni tí mo kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ, tí mo sọ fún pé ẹnu ni onígbàjámọ̀ fi ń di oníbàárà mú!

Oníbúlọ́ọ̀kù wọlé. Ó rí mi nínú dígí. Ó tẹríba, ó kí mi bí ó ti yẹ kí ọmọ kí bàbá, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó pa ọwọ́ pọ̀.

Mo yí padà tòun ti aṣọ lọ́rùn. Mo ní, "Ọmọ mi, bá mi sọ̀rọ̀. Bí èébú ni, bú mi."

"Bàbá," ó ní, "sìmẹ́ńtì ti wọ́n."

"Ó ti wọ́n," ni gbogbo wọn wí.

Gbogbo ayé mi ni mo fi bẹ̀rù ohun tí wọ́n ń sọ bí mo bá ti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Mo sanwó, mo jáde, mo rìn dé ìkángun ilé. Mo wá rọra padà gba ẹ̀yìn, mo fi etí ti ògiri, àgbà bí èmi, kí n ṣáà lè gbọ́ èébú mi. Mo dúró títí oòrùn fi kan orí mi tuntun.

Kílípà nìkan ni ó ń dún.